Ìrìn-Àjò Mi sí Ìlú Arọraṣe, Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Kọ́ Agbolé Sórí Àtẹ

Ìwọ tí o fẹ́ jókòó sí ojú ọ̀nà tóóró yẹn, jọ̀wọ́ dìde. Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ wà. Mi ò bá ọ jà. Àlejò ni ọ́, àlejò a sì máa lójú, kì í fi ríran. Nígbà tí mo bá parí ìtàn yìí, ìwọ fúnra rẹ ni yóò máa lé àwọn mìíràn kúrò níbẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, àmù rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, igbá wà nínú rẹ̀. Ẹ bu omi mu kí n tó la ẹnu, nítorí inú máa ń bí mi bí ẹnikẹ́ni bá dìde nígbà tí ọ̀rọ̀ mi bá ti ń dùn, ọ̀rọ̀ mi kì í sì í pẹ́ kí ó tó dùn.

Èmi ni Ọdẹ́dìran, ọmọ Àsàbí amọ̀kòkò. Ẹkùn tí ó bá gbọ́ ikọ́ mi nínú igbó, ńṣe ni yóò máa ké bí ológbò kí n lè rò pé ẹran ilé ni. Ẹni tí ó bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, kí ó lọ bi àwọn ẹkùn. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ohun ńlá: ẹran ńlá, àpáta ńlá, òkèlè ńlá. Èmi tí mo ti rí erin tí ó ń wẹ̀ nínú odò, èmi tí mo ti sùn sí abẹ́ ìrókò tí orí rẹ̀ kò ṣeé rí, mo fẹ́ sọ fún yín lónìí pé ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ láyé mi, èékánná àtàńpàkò mi lè bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó gbé mi dé ọ̀hún. Agbolé wa yìí ni ẹbu ìkòkò Ìsàlẹ̀-Amọ̀ wà, ibi tí a ti ń mọ ìkòkò tí a sì ti ń sun ún. Ìyá wa ló ni ín nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí ó papòdà, àbúrò mi obìnrin, Àwẹ̀ró, ló gba iṣẹ́ náà. Ó mọ ọ́n ṣe, ẹ má wulẹ̀ jiyàn. Ṣùgbọ́n ike gba ọjà, fíríìjì gba ilé, ìkòkò Àwẹ̀ró sì jókòó sí ẹ̀yìnkùlé títí koríko fi hù láàárín wọn, tí àwọn aláǹgbá sọ wọ́n di ilé àna wọn. Bàbá Adéògún tí í ṣe Baálé wa wá pe Àwẹ̀ró. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ọmọ mi ni ọ́, mi ò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣòfò. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí ẹnì kankan kò tí ì wá ra ìkòkò, a óò wó ẹbu yìí, a óò gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀."

Àwẹ̀ró mú ìgbálẹ̀, ó gbá iwájú ẹbu, ó gbá a tán, ó tún un gbá. Bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún. Kò sí ẹni tí ó mọ́ tó o ní gbogbo agbègbè wa; bí ewé kan bá já lára igi, kí ó tó balẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti dúró dè é. Ẹ má gbàgbé èyí tí mo sọ yìí.

Alárìnkiri kan tí ó ń ta aṣọ ló wá dá sí i. Ó ní ìlú àwọn iwin kan wà lẹ́yìn Igbó Aláriwo, Arọraṣe ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kọ́ ilé kéékèèké àti ohun èlò kéékèèké, kí wọ́n fi ṣe fíìmù ìpolówó ọjà, èyí tí kò gùn ju kí ènìyàn bu omi mu lọ. Ó ní ọjà tí wọ́n bá ti ṣe fíìmù fún, ì báà jẹ́ ewúro, àwọn ènìyàn yóò máa wá a bí ẹni ń wá oyin. Bí mo ti gbọ́ èyí, mo gbé ìbọn mi. Àwẹ̀ró gbé ìkòkò tí ó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ki ìgbálẹ̀ kékeré kan bọ ìdí ìró. Mo bi í pé kí ni ó fẹ́ fi ìgbálẹ̀ ṣe nínú igbó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí a bá sùn sí, ṣé a ò ní gbá a ni?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Igbó Aláriwo kì í ṣe igbó tí ènìyàn ń fi etí lásán wọ̀. Gbogbo igi ibẹ̀ ló ń polówó ara rẹ̀. Ìrókò ń ké pé, "Ẹ wá fẹ̀yìn tì mí, ẹ̀yìn kò ní dùn yín mọ́." Òótọ́ ni pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó bá fẹ̀yìn tì í, èèpo igi ni yóò dà, a kì í sì í gbọ́ pé ẹ̀yìn ń dun èèpo igi. Ọ̀pẹ ń pe ọlọ́tí, àràbà ń pe ọ̀lẹ. Igi játijàti kan wà tí kò ga ju orúnkún mi lọ, òun ni ó wá sọ pé, "Ọdẹ, jẹ èso mi kan, gbogbo ẹran tí o yìnbọn sí tí kò bà yóò padà wá kú sí ẹsẹ̀ rẹ." Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Ẹsẹ̀ mi ti yà. Àwẹ̀ró ló di ẹ̀wù mi mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo ni ẹ rí ọjà tó dára tí ó ń pariwo tó báyìí?" A já òwú, a fi dí etí, a sì la igbó náà kọjá bí adití méjì.

Ní ẹ̀yìn igbó náà, a bá àpáta kan tí ó ní ẹnu bí ilé. Iwin kan tí orí rẹ̀ dà bí odó tí a dojú rẹ̀ dé ló jókòó síbẹ̀. Òkúta pọ̀ níwájú rẹ̀ lọ jàra, àwọn òkúta náà sì ń ṣẹ́jú. Ó ní àwọn tí kò lè dá òun lóhùn nìyẹn. Ó na ìka sí mi, ó ní: "Ẹsẹ̀ ló bí i, kò lẹ́sẹ̀. Ó ń júwe ọ̀nà, kò lẹ́nu. Ẹni tí ó ni ín ti lọ, òun kò lọ. Kí ni o?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ìbọn mi fi fẹ́ bọ́. Mo ní, "Ìwọ olórí odó yìí, èmi lo wá bi ní irú ìbéèrè yìí? Ipasẹ̀ ni. Òun ni mo ń jẹ, òun ni mo ń mu. Bí àgbọ̀nrín bá gba ibì kan kọjá, bí mo bá wo ilẹ̀, mo lè sọ fún ọ bóyá ó bá ìyàwó rẹ̀ jà kí ó tó jáde nílé." Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni tí a gba ẹran lẹ́nu rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn kí a lè kọjá.

Inú àpáta náà ni Arọraṣe wà. Èmi ti rò pé àwọn tí ń ṣe ohun kéékèèké yóò kéré. Irọ́ ni mo pa fún ara mi. Òmìrán ni gbogbo wọn. Ìka ọwọ́ wọn tó ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ wọn tó ọkọ̀ ojú omi, síbẹ̀ bí wọ́n bá ń rìn, adìẹ tí ó ń sàba lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò ní jí. Ẹnikẹ́ni kì í pariwo níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ sín, ńṣe ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbé e, tí wọn yóò rọra sáré gbé e jáde sẹ́yìn odi kí ó lọ sín an síbẹ̀. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe olórí wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, a sọ ohun tí ó gbé wa wá fún un.

Ó gba ìkòkò Àwẹ̀ró, ó fi èékánná kàn án, ó gbé e sí etí. Kò béèrè ọ̀rọ̀ kankan nípa ìkòkò mọ́. Ohun tí ó ń béèrè ni pé, bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, apá ibo ni èéfín ẹbu máa ń yà sí? Ara ògiri wo ni àwọn ewúrẹ́ máa ń fi ara ha? Nígbà tí Àwẹ̀ró bá ń mọ amọ̀, apá wo ni ó kọ ẹ̀yìn sí? Àwẹ̀ró ń dáhùn, ìyá náà ń mi orí. Lẹ́yìn náà ó pàtẹ́wọ́, pẹ̀lú ìka kan péré, gbogbo àwọn òmìrán sì kó jọ sí ìdí àtẹ ńlá kan.

Níbí yìí ni kí ẹ ti fún mi ní etí yín méjèèjì. Mo ti rí ọba tí ó kọ́ ààfin, mo ti rí àwọn kan tí wọ́n gbẹ́ àpáta, ṣùgbọ́n n kò tí ì rí oníṣẹ́ rí, àfi àwọn wọ̀nyí. Orí àtẹ náà ni wọ́n kọ́ agbolé wa sí. Irun àgbàdo ni wọ́n fi bo ilé. Èèpo ẹ̀pà ni wọ́n gé ṣe ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà sì ń ṣí, ó sì ń ké bí tiwa. Wóro iyanrìn mẹ́ta ni ààrò. Òdòdó pupa kan ni wọ́n ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ṣe iná. Ọ̀kan nínú wọn a fi pòòpó koríko fẹ́ atẹ́gùn sí i, iná á máa jó. Òwú ni èéfín, ẹni tí ó ń tú òwú náà kò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí láyé rẹ̀. Ó tú u títí ó fi ku díẹ̀ kí ó má sí mọ́, ó wá jẹ́ kí ó yà sí apá ibi tí Àwẹ̀ró júwe. Ìkòkò ńkọ́? Kò tó ẹyin aláǹgbá. Wọ́n fi oje igi kán an lára pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀fọn, ó sì dà bí ẹni pé omi tútù ló ń làágùn lára rẹ̀. Bí mo ti wò ó báyìí, òùngbẹ gbẹ mí, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi. Inú mi dùn sí wọn débi pé mo gbàgbé láti fọ́nnu.

Ohun kan péré ló ṣe mí ní kàyéfì. Mo ní, "Ìyá, ilé pé, iná pé, ìkòkò pé. Ènìyàn dà?"

Ìyá Pẹ̀lẹ́ wò mí. Ó ní, "Ọdẹ, Ọbàtálá ló ń mọ ènìyàn. A kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ènìyàn fi sílẹ̀ ni àwa máa ń ṣe." Ó wá fi han mí. Dúdú wà lára ògiri ìdáná níbi tí ẹnì kan máa ń fi èjìká tì. Ẹnu ọ̀nà ti wọlẹ̀ díẹ̀ níbi tí wọ́n máa ń tẹ̀. Eérú dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Eruku bo gbogbo ilẹ̀, ipasẹ̀ sì wà nínú eruku náà. Mo fi ojú ọdẹ wò ó, mo sì rí wọn: ọmọ kan ń lé adìẹ, obìnrin kan ru amọ̀ kọjá, bàbá kan fi ọ̀pá tilẹ̀ dúró. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, agbolé náà sì kún. Ẹni tí ó tẹ àwọn ipasẹ̀ náà sílẹ̀ jẹ́ òmìrán arúgbó kan tí ó jẹ́ pé, bí ó bá ti ṣe ọ̀kan tán, oorun ọdún kan ni yóò sùn lé e lórí. Ó ti lọ sùn.

Ẹni tí yóò ya fíìmù náà ni Olójúkan. Ojú kan ṣoṣo ló wà níwájú orí rẹ̀, ó yí roboto bíi ti kámẹ́rà. Ojú náà kì í là ju ẹ̀ẹ̀kan lọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ fíìmù, nígbà tí oòrùn àárọ̀ bá wọ ẹnu àpáta. Bí ó bá là tí iṣẹ́ kò pé, ohun tí ó bá rí náà ni yóò yà, kò sì sí àtúnṣe. Wọ́n ní kí a sinmi di àárọ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn òmìrán lọ fọ ọwọ́ ní odò, nítorí wọn kì í fi ọwọ́ àná ṣe iṣẹ́ òní. Èmi ń hanrun lọ́wọ́. Ìró kan ni ó jí mi, ìró tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré: ṣáá, ṣáá, ṣáá. Mo la ojú. Àwẹ̀ró ló kúnlẹ̀ ti àtẹ, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àkísà tútù wà lọ́wọ́ òsì. Gbogbo agbolé ń dán gbinrin.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jí ire? Ẹ wo bí ilé wa ṣe dọ̀tí tó lánàá. Ṣé bí a ó ṣe jẹ́ kí gbogbo ayé máa wò ó nìyẹn?"

Ẹ sọ fún mi, ta ni yóò bá a wí? Ọmọ tí a bí ire ni. Èwo nínú yín ni ìyá rẹ̀ kò fi ìgbálẹ̀ jí rí? Àwọn òmìrán sì dé, wọ́n dúró, ọwọ́ wọn ń kán omi.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ wo àtẹ náà pẹ́. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe ìdọ̀tí lo gbá. Ènìyàn lo gbá."

Àwẹ̀ró wá wo agbolé náà, ó sì rí i. Ó mọ́, ó dára, ó sì dà bí ilé tí gbogbo ará ibẹ̀ ti kú. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Mo ti fi ọwọ́ ara mi wó ẹbu ìyá mi. Kí ni Bàbá Adéògún tún fẹ́ wó mọ́?" Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi, ó sì ń dùn mí pé ìbọn kò wúlò fún ọ̀rọ̀ náà.

Mo ronú. Mo mú ìgbálẹ̀ tí ó bọ́ sílẹ̀, mo yọ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, mo mọ ipasẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un tẹ̀."

Ó ní, "O mọ̀ ọ́n kà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ wúwo. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára." Ó ní kí n dojú bolẹ̀. Ó gbé ẹyin tútù kan sí abẹ́ ọrùn ọwọ́ mi, ó ní orí ẹyin náà ni kí ọwọ́ mi máa gbé. Bí ẹyin bá fọ́, kí n mọ̀ pé n kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Ó ní bí mo bá fẹ́ mí, kí n yí ojú sẹ́yìn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti fi ọwọ́ lásán di ìwo ẹfọ̀n mú rí, ara mi kò gbọ̀n. Lọ́jọ́ yìí, òógùn bò mí.

Wọ́n rọra ku eruku sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ ni mo fi ṣáájú, nítorí pátákò ẹ̀yìn rẹ̀ a máa bọ́ sí ojú ẹsẹ̀ iwájú. Mo tẹ adìẹ. Bí adìẹ bá ń sá, ìka ẹ̀yìn rẹ̀ a máa fa ilẹ̀. Mo tẹ ọmọdé tí ó ń lé e, ìka ẹsẹ̀ wọlẹ̀, gìgísẹ̀ kò kan ilẹ̀ rárá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Àwẹ̀ró tí kì í fẹ́ rí àbàwọ́n ń fi irun orí rẹ̀ kan ṣoṣo tọ́ èédú, ó ń dá dúdú padà sí ara ògiri tí ó fọ̀. Ẹyin kò fọ́. Àwọn òmìrán yí wa ká, wọn kò mí.

Ó wá ku ọ̀nà tóóró kan, láti ẹbu dé ìdí àmù. Oòrùn ti ń kan ètè àpáta. Mo bi Àwẹ̀ró pé, "Ta ní ń rìn níbí?"

Ó ní, "Èmi nìkan náà ni. Ẹ fi ẹsẹ̀ mi sí i."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ fi sí i, mo fi Ògún búra. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ dáadáa, ó sì wọ́ ti òsì tẹ̀ lé e. Ọ̀tún, ó tẹ̀. Òsì, ó wọ́. Iná ẹbu ló jó ìyá wa lẹ́sẹ̀ òsì nígbà tí ó wà ní wúńdíá, bí ó sì ti ń rìn nìyẹn títí ó fi kú. Ìró ẹsẹ̀ náà ló ń jí wa láàárọ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé. N kò ronú kàn án láti ọdún gbọọrọ, ọwọ́ mi ni kò gbàgbé.

Àwẹ̀ró wo ilẹ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ òsì Ìyá a máa wọ́ ju báyìí lọ díẹ̀. Pàápàá bí wọ́n bá ru omi."

Mo fà á gùn díẹ̀ sí i. Mo yí ojú sẹ́yìn kí omijé mi má baà kán sórí àtẹ, mi ò sì tijú láti sọ ọ́. Ti Àwẹ̀ró kò gbọ́ràn. Ọ̀kan já bọ́ sẹ́bàá àmù. Ó fẹ́ fi ìka nù ún, ṣùgbọ́n Ìyá Pẹ̀lẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bu omi ló dà á nù."

Oòrùn wọlé. Òmìrán kan gbé àwo idẹ sókè, ó fi gba ìmọ́lẹ̀ sórí agbolé, ilẹ̀ mọ́ ní Ìsàlẹ̀-Amọ̀ kékeré. Òdòdó ń jó, òwú ń lọ sókè. Ojú Olójúkan là, ó wo, ó sì pa dé. Wọ́n rọ fíìmù náà sínú ìkarahun ìgbín kan, wọ́n dí i ní ẹnu, wọ́n fi lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́.

Nígbà tí a dé ilé, òjò ti ṣú. Bàbá Adéògún ti kó ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ síwájú ẹbu, ọkọ́ sì wà lórí wọn. Ó ní, "Ọdẹ́dìran, ìkarahun ìgbín lo lọ fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn wá?" Àwẹ̀ró dojú ìkarahun náà kọ ògiri funfun, ó ṣí i.

Agbolé wa yọ lára ògiri, ó tóbi bí agbolé gan-an. Ilẹ̀ ń mọ́ níbẹ̀. Èéfín yà síbi tí ó máa ń yà sí. Ojú fíìmù ń rìn lọ lórí ilẹ̀, ó kọjá lára ewúrẹ́, ó kọjá lára adìẹ àti ọmọ tí ó ń lé e, ó bọ́ sí ọ̀nà tóóró, ó ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan tí ó tẹ̀ àti ẹsẹ̀ kan tí ó wọ́, títí ó fi dé ìdí ìkòkò tí ó ń làágùn. Omi díẹ̀ dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Bàbá Adéògún ti dìde kí a tó mọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ní, "Àsàbí nìyẹn." Ó tún ní, "Àsàbí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀ yẹn." Ó wò yíká bí ẹni tí ó ń wá a. Ó wá ní, "Àwẹ̀ró, fún mi lómi. Mi ò fẹ́ tinú ike." Ó mu ún, ó nu ẹnu, ó ní kí àwọn ọmọ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí oko tí ó yẹ ẹ́. Abẹ́ òrùlé ẹbu ni gbogbo wa sá sí nígbà tí òjò náà dé.

A gbé ìkarahun náà káàkiri àwọn ìlú, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹni tí ó bá ra ìkòkò tán, yóò wò yíká agbolé, yóò béèrè pé, "Ìyá tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀ yẹn ńkọ́?" Èsì kan náà ni Àwẹ̀ró máa ń fún wọn. Á ní, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ẹ bu omi mu ná."

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi fìdí kalẹ̀ sí nìyẹn. Ìwọ tí mo lé dìde lẹ́ẹ̀kan, wo ọ̀nà tóóró tí o fẹ́ jókòó sí. Láràárọ̀ ni Àwẹ̀ró ṣì ń gbá ilé yìí, ẹ sì rí i pé ó mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìgbálẹ̀ bá dé ibẹ̀, níbi tí ipasẹ̀ bíi ti Ìyá wà, á gbé e sókè, á fò ó, á tún bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì. Bí òjò bá pa ipasẹ̀ náà rẹ́, èmi ni mo máa ń gba ibẹ̀ lọ bu omi, tí mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Nísinsìnyí tí mo ti darúgbó, n kì í mọ̀ọ́mọ̀ wọ́ ọ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ́. Ẹ dìde, ẹ máa lọ ilé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kí ẹ gbà.